Ẹ̀rọ Sáńpépà Tí Mo Fi Pákó Kàn

Ọmọ mi, Ọwọ́ Fúyẹ́,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara ò ṣe ọ́, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún ọ? Èmi àti ìyá rẹ wà níbí, à ń jẹ, à ń mu, a sì ń jà díẹ̀díẹ̀ bí tọkọtaya ṣe ń jà. Àdúrà wa lórí rẹ ò yí padà: ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ẹsẹ̀ tiẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, ohunkóhun tí o bá sì fọwọ́ kàn, dídán ni yóò máa dán. Ìyá rẹ ti ṣe àmín láti inú ilé ìdáná, ó ní kí n fi kún un pé o ò gbọdọ̀ máa jáde láìjẹun.

Bí ìwé yìí bá rí wúruwùru lójú rẹ, má bínú sí mi. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Bí mo bá kọ ìlà méjì, mo ti dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ti padà, mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ kọ. Ìyá rẹ ní mò ń ṣe bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní ṣòkòtò. Ó mọ ohun tó ń ṣe mí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sáńpépà yìí ni.

O ní kí n yan ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tí o fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sórí fóònù, pé owó èyíkéyìí tó bá wù mí ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, pé kí n ṣáà yàn kí oṣù tó parí. Ọlọ́run ni yóò bá mi san án fún ọ. Apá mi ọ̀tún yìí ò gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá fọwọ́ fi sáńpépà ra ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, gbígbé ife omi dé ẹnu á di iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà sì ti ní kí n ṣe ilẹ̀kùn gbogbo kíláàsì wọn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti sọ ọ́ lójú mi pé bí òun ò bá rí i pé mo lè ṣe é kí àwọn ọmọ tó wọlé, òun á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń ta ilẹ̀kùn onírin. Ilẹ̀kùn onírin, fún ọmọ kékeré! Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa ló kù, torí káfíńtà tí apá ẹ̀ ò gbé sáńpépà mọ́, kí ló tún fẹ́ máa fi ara ẹ̀ pè?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó dùn mọ́ ìyá rẹ, àmọ́ èmi ò rí oorun sùn sí i. O ní bí ẹ̀rọ yìí bá ti dé, mi ò ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kà á, mo tún un kà, mo fún ìyá rẹ kó kà á fún mi bóyá ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, màá padà sórí ẹ̀.

Fóònù tí o rà fún wa yìí, ṣé o mọ ìwà ẹ̀ kí o tó rà á? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo àwọn ẹ̀rọ náà, mo wò wọ́n tán, mo pa á dé. Mo tún ṣí i pé kí n gbọ́ ìròyìn, ẹ̀rọ sáńpépà ló yọ sí mi. Mo ní kí n wò ó bóyá òjò máa rọ̀, ẹ̀rọ sáńpépà ló tún dúró síbẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ń tà á ti rí i pé mò ń wo ọjà ẹ̀, ó wá ń tọ̀ mí lẹ́yìn kiri, ojú sì ń tì mí pé mò ń wò láìrà. Nísinsìnyí, mi kì í ṣí fóònù láìdé fìlà. Bí mo bá sì fẹ́ pa á dé, mo máa ń sọ fún un pé kó má bínú, pé mo ṣì ń rò ó.

Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó tóbi jù pé méjì péré ló kù. Àyà mi já, mo sáré lọ pe ìyá rẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, méjì náà ló kù. Ọjọ́ kejì ẹ̀, méjì. Mo bi ìyá rẹ pé irú ọjà wo ló ń tán lọ tí kì í tán yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé òun náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ń ta aṣọ. Ọmọ mi, aṣọ tí mo sáré rà lọ́wọ́ ìyá rẹ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fojú kanra, ó ní ọ̀kan ṣoṣo ló kù! Gbogbo ọdún tí mo ti ń fẹ́ ẹ bọ̀, mi ò mọ̀.

Mo ní kí n wo ohun tí àwọn tó ti ra ẹ̀rọ náà sọ, fóònù ní àfi kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé ènìyàn ni mí. Inú bí mi. Èmi tí ìdajì àdúgbò yìí ń jókòó lórí àga tí mo kàn! Ó wá kó àwòrán kéékèèké síwájú mi, ó ní kí n tọ́ka sí èyí tí kẹ̀kẹ́ bá wà nínú ẹ̀. Mo tọ́ka sí gbogbo ẹ̀, mo tún ṣàlàyé fún un pé táyà ẹ̀yìn ìkẹta ti fẹ́ jò, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbà pé ènìyàn ni mí, ó jẹ́ kí n wọlé. Ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì.

Inú ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan pàdé. Àwọn yòókù ń fún ẹ̀rọ náà ní ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ìràwọ̀ pín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí yọ̀ǹda. Ó ní ẹ̀rọ náà dán pákó òun bí ẹyin adìẹ, ìgbà tó kù díẹ̀ kó jáde tán ló wá jẹ ìdí pákó náà, ó dá kòtò síbẹ̀, gbogbo pákó tí òun bá sì fi sí i ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun nìkan lòun ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ọmọ mi, mo gbé oúnjẹ tì, mo tún un kà. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀rọ. Pákó gígùn tó bá ń jáde láìsí ẹni tó gbà á, orí ẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀, ìdí ẹ̀ á sì gbé sókè lọ bá sáńpépà tó ń yí, sáńpépà á bù ú jẹ. Ẹni tó yẹ kó dúró lódìkejì ni ò sí níbẹ̀.

Mo gbàdúrà fún un. Mo tún lọ bá obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkòríta pé kó bá mi kọ̀wé sí i, kó ní èmi káfíńtà kan ló kí i, pé kó wá ẹnì kan dúró tì í. Obìnrin náà ní ọkùnrin yẹn ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tipẹ́, pé ó lè má sí níbi tí mo rò pé ó wà. Mo ní ìkíni kì í pẹ́ jù. Ó bá mi kọ ọ́, ọkùnrin náà ò tíì dáhùn. Bí o bá pàdé ẹ̀ nínú fóònù tìrẹ, bá mi bi í bóyá ó ti rí ẹnì kan.

Dúró ná, ewúrẹ́ ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Mò ń bọ̀.

Mo ti dé. Ibi tí ewúrẹ́ gbà wọlé, wàá gbọ́ nípa ẹ̀ láìpẹ́.

Bí mo ṣe rí àwọn ẹ̀rọ náà nìyí. Kékeré tí o fàmì sí, pé òun ló dára jù fún mi, apá kan ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè máa lò ó. Ṣùgbọ́n kò gba ilẹ̀kùn. Èèyàn á dán ìdajì, á yí i padà, á tún dán ìdajì tó kù, ìlà á sì wà láàárín bí orí tí onígbàjámọ̀ gẹ̀ tí iná lọ. Èyí àárín ò gbóná, kò tutù, jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Èyí ńlá ló ní rólà méjì, wọ́n we sáńpépà líle mọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n we èyí tó fẹ́lẹ́ mọ́ ìkejì, bẹ́líìtì kan wà nísàlẹ̀ tó ń rọra fa pákó wọlé. Odindi ilẹ̀kùn á wọ̀ ọ́ níhìn-ín, á jáde lọ́hùn-ún, ojú ẹ̀ á ti dán. Oníná wá wò ó, ó ní wáyà ilé wa á yọ́ bíi ìpara bí a bá tan irú ẹ̀ sí i, àfi kí òun fa wáyà míì láti òpó tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́. Fóònù tún ní ó nílò ẹ̀rọ míì tí yóò máa fa eruku ẹ̀. Mo ní ṣebí ìyá rẹ ní ìgbálẹ̀. Ìyá rẹ ní èmi lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ẹ̀rọ, àti pé ikọ́ tí mò ń wú lójoojúmọ́ yìí, ṣé ìgbálẹ̀ ló ń gbá a? Nítorí náà, ra èyí tó ń fa eruku mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n báwo ni káfíńtà ṣe máa fi àwòrán tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yan ohun tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀? Mo mú téèpù, mo wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá, bó ṣe gùn, bó ṣe fẹ̀, bó ṣe ga, mo sì kàn án ní pákó nínú àgbàlá. Mo gbẹ́ igi róbótó méjì ṣe rólà, mo lẹ sáńpépà mọ́ wọn lára, mo kan ìdérí ìgò sí iwájú ẹ̀ dípò ibi tí wọ́n ti ń tàn án, mo wá kun gbogbo ẹ̀ ní ọ̀dà pupa bó ṣe wà nínú àwòrán. Háà, ọmọ mi, ó wu ènìyàn! Ẹni tó ń kọjá á dúró, á ní a kú oríire. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé tábìlì ìlọṣọ ẹ̀ wá pé kí n bá òun dán ojú ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un títí pé pákó lásán ni, pé ti gidi ń bọ̀. Ó ní kò burú, òun á dúró. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

A fẹ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, kò gba ẹnu ọ̀nà. A dà á dẹ̀gbẹ́, kò wọlé. Mo ní tí ti pákó ò bá wọlé, báwo ni ti irin á ṣe wọlé? Mo pe bíríkìlà pé kó bá mi fọ́ ògiri. Bíríkìlà ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ilẹ̀ tó ta sí i, ògiri iwájú ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ pupa sì ti wà nínú ilé. Nígbà náà ni obìnrin tó ń tún fóònù ṣe wá kí wa. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo fóònù, ó tún wo ẹ̀rọ, ó bá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní Bàbá, ìwọ̀n tí ẹ mú yìí, ti àpótí tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí wá ni. Ó ní ti ẹ̀rọ gan-an wà nísàlẹ̀ ẹ̀, pé á gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, àyè á tún kù.

Àpótí ni mo kàn. Àpótí ni mo kùn, àpótí ni mo fọ́ ilé nítorí ẹ̀. Ìyá rẹ kàn ń wò mí, ìyẹn gan-an ló burú jù.

Ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì láti gba iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà mọ̀ pé ohun tó bá wá nìyẹn, ó ti gbé ojú ẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò dùn. Ó rí ohun pupa ńlá náà láti ìta, níbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé bí ti gidi ṣe máa tóbi tó nìyí. Ó rìn yí i ká, ó fọwọ́ kan rólà, ó ní bí irú èyí bá ń bọ̀, òun á dúró dè mí. Mi ò parọ́ fún un. Mi ò kàn sọ ọ̀rọ̀ àpótí ni.

Àpótí yẹn náà ló là mí lójú. Mo ní kí ìyá rẹ wá dúró lódìkejì, mo ti ilẹ̀kùn kan sí abẹ́ rólà lọ́dọ̀ mi, ó gbà á lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó gba ìkejì, ó ní ìbàdí ń dun òun. Ó wá bi mí pé nígbà tí ti gidi bá dé, ta ni yóò máa dúró síbí? Mo ní bíríkìlà. Bíríkìlà gbìyànjú ẹ̀, ó ń já a gbà bí ẹni tó ń gba búlọ́ọ̀kù. Télọ̀ ní òun náà lè ṣe é, ó ń fà á bí aṣọ. Ẹni tó bá máa gbà á kò gbọdọ̀ fà, kò gbọdọ̀ tì, kó kàn fọwọ́ gbé e dúró, kó máa bá a rìn sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ibi tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jiyàn, ìwọ lo wá sí mi lọ́kàn. O ò tíì ga tó tábìlì tí o ti ń bá mi di ìdí pákó mú bí mo bá ń fi ayùn gé e, o kì í fà, o kì í tì. O máa ń di ojú, wàá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra pákó tí mo bá rò pé mo ti dán tán, wàá ní Bàbá, ó kù díẹ̀ níbí. Ó sì máa ń kù díẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ tí mò ń pè ọ́ ò ṣàdédé wá.

Mo ti padà sórí ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀. O ní mi ò ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n jókòó nìyí: ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yan kékeré yẹn, ìwọ náà ti lọ nìyẹn. Owó á máa wá, àwòrán á máa wá, ẹ̀rọ á máa wá, ìwọ ò ní wá. Ìyá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ kọ eléyìí sí ọ, pé ọmọ ní iṣẹ́ tiẹ̀, pé a kì í pe ọmọ kúrò ní ọ́fíìsì kó wá di pákó mú. Òótọ́ ló sọ. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe wá dán an wò, ó gbà á dáadáa, ẹni tó ń fọwọ́ mú ìṣó tí kò tó orí èèrà, ọwọ́ ẹ̀ á fúyẹ́. Ó ní òun á máa wá bá mi ṣe é nírọ̀lẹ́ bí mo bá máa fún òun lóhun tó tọ́ sí òun. Nítorí náà, òótọ́ lo sọ pé mi ò nílò rẹ. Mo fẹ́ rí ọ ni. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi, ó ń sọ mí gan-an.

Ẹ̀rọ ńlá ni mo yàn. Mo ti yàn án, mi ò yí i padà mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó máa wọ̀ ọ́, ìwọ ni kí o gbà á, àwọn tó kù á bójú tó ara wọn. Bí ọkọ̀ tó máa gbé e wá bá ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, jókòó síbẹ̀, kí o máa ṣọ́ ọjà wa bọ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹsẹ̀ rẹ máa wà. Bàtà rẹ àtijọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ ní ẹsẹ̀ rẹ ti tóbi ju ìyẹn lọ tipẹ́, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó díẹ̀ ni mo tún fẹ́ tọrọ, ti wáyà tí oníná máa fà, ti sìmẹ́ńtì àti búlọ́ọ̀kù tí a ó fi dí ògiri, àti ti bíríkìlà, torí ó ní òun fi fífọ́ ta mí lọ́rẹ ni, mímọ ló lówó. Jọ̀wọ́, má fi sí báǹkì. Ìgbà tí o fi owó ránṣẹ́ ìjẹta, fóònù ké, ó ní owó ti wọlé, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Mo lọ sí báǹkì, mo bẹ omidan tó wà lẹ́yìn gíláàsì pé owó tí ọmọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ kà ni kó fún mi, kó má fún mi ní ti ẹlòmíì. Ó ní bákan náà ni gbogbo owó rí. Mo gbà á, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà lójú mi. Nítorí náà, ìwọ ni kí o fọwọ́ ara rẹ mú èyí wá.

Ọ̀nà á là fún ọ. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹlòmíì, wọ́n á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Bí a ṣe ń dúró dè ọ́ yìí, ojú wa ò ní fọ́ kí o tó dé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, mo wà níbi tí pákó ń gbà wọlé.